Ìràwọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Nọ́ńbà

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìràwọ̀ ò yọ.”

Ọ̀sán gangan ni ọmọ náà fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó bá jókòó tì mí nígbà tí mo ń gbọ́ ọ á ti máa ṣe kàyéfì irú ọmọ tó ń wá ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni, ọdún tó kẹ́yìn ló wà ní yunifásítì, ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́. Ó ti rin oko ẹ̀gẹ́ káàkiri agbègbè Ìsẹ́yìn, ó ti bi àwọn àgbẹ̀ léèrè bí ilẹ̀ wọn ṣe tóbi tó, iye àpò ajílẹ̀ tí wọ́n lò, ọjọ́ orí wọn, àti ohun tí wọ́n kó lóko. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, ó ní kó ṣe regression, ìyẹn ìṣirò tó ń wá bí ohun kan ṣe ń bá òmíràn lọ, èsì sì jáde. Ìràwọ̀ mẹ́ta jókòó ti ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ajílẹ̀ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ yìí gan-an ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé lórí. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ wò ó, ó ní kó lọ tún un ṣe, kó má sì padà wá láìsí ìràwọ̀.

Mo bá a wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti tán láàárín àwa méjèèjì báyìí, àmọ́ kò tíì tán nínú mi. Ìrànlọ́wọ́ wo ni ọmọ yìí ní kí n ṣe fún òun gan-an?

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, bó ṣe rí nìyí: ìlà-ìlà ni R máa ń to èsì rẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan tí a rò pé ó ń fa ìkórè wà lórí ìlà tirẹ̀. Ìparí ìlà ni nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà, tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí èsì tó lágbára báyìí, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣèèṣì yọjú ká ní ohun náà kò ní ipa kankan. Bí nọ́ńbà yẹn bá kéré sí 0.05, R á lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ ọn. Bó bá kéré sí 0.01, méjì, bó bá kéré sí 0.001, mẹ́ta. R. A. Fisher ló sọ 0.05 di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1925, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko ni nọ́ńbà náà ti gbayì, oko ló sì tún bá ọmọ wa dé. Kò sí òfin Ọlọ́run kankan nínú rẹ̀, ó kàn rọrùn láti lò ni. Àwọn tó kọ R pàápàá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ìràwọ̀ bá ń dà láàmú: kọ options(show.signif.stars = FALSE), gbogbo wọn á pòórá. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, omijé tó ń dà nínú àwọn yunifásítì wa ì bá dín kù.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, àmọ́ òwe náà ti gbà pé ẹni tó ń béèrè mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó dúró ní oríta tó ní “ẹ júwe ọ̀nà fún mi,” tí kò dárúkọ ìlú kankan, kí la fẹ́ sọ fún un? Irú oríta bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi lórí regression dúró sí. Kóòdù ni wọ́n ń béèrè, kóòdù kò sì le. Ìlà kan ṣoṣo ni: lm, orúkọ ohun tí o fẹ́ ṣàlàyé, àmì ~, orúkọ àwọn ohun tí o rò pé ó ń fà á. Lóde òní, ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ á ní kí ChatGPT bá òun kọ ọ́, kó sì tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ọ́ tán. Iṣẹ́ tó wà níwájú ìlà yẹn àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Mo ní kó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ ni fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lójú láptọ́ọ̀pù, tí iná gílóòbù á tàn sórí nọ́ńbà tí a nílò gan-an, tí ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ á wá máa ṣẹ́jú pàkòpàkò. Bẹ́ẹ̀, R ní dput fún irú èyí: á sọ dátà di ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè dà kọ sínú ìfiránṣẹ́, ẹni tó bá sì gbà á á rí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bó ṣe wà lórí ti ẹni tó ni ín.

Nígbà tí mo ṣí fáìlì náà, kọ́lọ́ọ̀mù ajílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ibì kan kọ “2”, ibòmíì “2 bags”, ibòmíì “méjì”, ibòmíì “kò lò”. Èèyàn á kà á, á sì yé e. Ní ti R, bó bá ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbì kan ṣoṣo, gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù náà ti di ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ nìyẹn. “2” àti “2 bags” wá di ẹ̀yà méjì tí kò bára tan, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ajílẹ̀ fi ní ìlà rẹpẹtẹ nínú èsì ọmọ náà, tí ìràwọ̀ kò sì sí lára ọ̀kankan. Òun rò pé bí regression ṣe máa ń gùn nìyẹn. Mo fi str hàn án, èyí tó ń sọ ohun tí R rò pé òun rí, kó lè máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ní kí R ṣe ohunkóhun. A tún kọ́lọ́ọ̀mù náà kọ, ajílẹ̀ di ìlà kan. Inú rẹ̀ dùn, ó tún regression ṣe.

Ìràwọ̀ kò yọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ máa ń parí sí nìyí. A ti tún kóòdù ṣe, kò sí àṣìṣe tó pọ́n lójú ẹ̀rọ mọ́, ó dàbọ̀. Ká ní ọmọ náà jẹ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí ni, bóyá ǹ bá dúró níbẹ̀.

Bí èèyàn bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kì í ka ẹjọ́ rẹ̀ sí i létí. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, Ifá ni yóò sì tú ohun tó wà nínú oníbèéèrè síta. Mo ti wá rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe níwájú R. Wọ́n á gbé nọ́ńbà kalẹ̀, wọ́n á panu mọ́, wọ́n á máa retí kó sọ̀rọ̀. R kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un, kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò mọ̀ bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀ lọ́dún yẹn. Èmi tó ń ràn án lọ́wọ́ náà kò sì mọ̀ ju R lọ, títí ọmọ náà fi lanu.

Mo ní kó gbàgbé ìràwọ̀ ná, kó ya àwòrán: ajílẹ̀ nísàlẹ̀, ìkórè lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbẹ̀ kan àmì kan. Bó ṣe yà á tán ló rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ẹ ò rí i? Ẹni yìí ló bà á jẹ́.” Àmì kan wà lókè pátápátá lápá òsì, ẹni tí kò lo ajílẹ̀ rárá tó sì kórè ju gbogbo èèyàn lọ. Ó ní òun ti dán an wò, bí òun bá yọ ẹni yìí àti àwọn méjì míì kúrò, ìràwọ̀ kan á yọ. Ṣé kí òun yọ wọ́n?

Mo bi í pé, “Ta ni?”

Ó dákẹ́. Kò rò pé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn lórí regression nìyẹn. Ó lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìgbà tó fi máa padà dé, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lóko. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Wọ́n gbé àpótí fún un kó jókòó, wọ́n bù ú lómi mu, wọ́n sì sọ fún un pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni, ó ti di igbó kìjikìji fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn tó wá ṣán an láìpẹ́ yìí. Ajílẹ̀ kẹ̀? Kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe? Àwọn tí ilẹ̀ wọn ti ṣá, tí wọ́n ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, àwọn ló ń ra ajílẹ̀. Etí ọmọ náà ló fi gbọ́ gbogbo èyí. Kò kọ ọ́ síbì kankan, nítorí ìwé ìbéèrè rẹ̀ kò ní àyè fún un.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn ajílẹ̀ nínú dátà yẹn. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá kì í wá ajílẹ̀ lọ. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ló ń kówó lọ sọ́jà. Bí a bá wá fi ìkórè àwọn méjèèjì wéra láìbéèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n dáko sí, ajílẹ̀ á dà bí ohun tí kò wúlò, bó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni kò jẹ́ kí oko ẹnì kejì kú pátápátá. Kò sí kóòdù tó lè wo èyí sàn. Kọ́lọ́ọ̀mù kan ni kò sí níbẹ̀, oko sì ni wọ́n ti ń mú un wá.

Ẹni tó yára yọ àmì tó ta yọ kúrò, mo máa ń fẹ́ kó rí iṣẹ́ Francis Anscombe, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Yale. Ní 1973 ló gbé àkójọ nọ́ńbà mẹ́rin jáde, mọ́kànlá-mọ́kànlá ni àmì inú wọn, R sì ń kó wọn dání lábẹ́ orúkọ anscombe. Ṣe regression fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà kan náà ni wọn yóò fún ọ: mú ìdajì x, fi 3 kún un. Ya àwòrán wọn, wàá rí i pé wọn kò jọra rárá. Nínú èyí tó kẹ́yìn, àmì mẹ́wàá tò sójú kan níbi tí x ti jẹ́ 8, ọ̀kan ṣoṣo ló dá wà ní 19, ọ̀kan yẹn nìkan ló sì gbé ìlà náà dúró. Yọ ọ́ kúrò, kò sí ìlà mọ́. Ta ni yóò wá yọ irú àmì bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́? Ó lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ nọ́ńbà ló ṣì í tẹ̀, ká yọ ọ́ nígbà náà kò burú. Ó sì lè jẹ́ ìyá tó fún ọ lómi mu.

Ní ti ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, mo ní ohun kan tí mo fi ń bẹ́ ẹ lórí. Dátà kékeré kan wà nínú R tí wọ́n ń pè ní cars. Ọkọ̀ àwọn ọdún 1920 ni, ìlà 50, eré tí ọkọ̀ ń sá àti iye ẹsẹ̀ bàtà tó fi ń rìn kó tó dúró. Ní kí R ṣe regression rẹ̀. Á sọ fún ọ pé máìlì kan tí o bá fi kún eré ọkọ̀ ní wákàtí kan á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kún ibi tí yóò dúró sí, ìràwọ̀ mẹ́ta. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Wá wo ìlà tó wà lókè rẹ̀: -17.58, ìràwọ̀ kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó dúró sójú kan, tí kò rìn rárá, bí o bá tẹ bíréèkì rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ rìn sẹ́yìn. Ìsọkúsọ ni, R sì fi ìràwọ̀ dá a lọ́lá. Kò sí ọkọ̀ tí eré rẹ̀ kò tó 4 nínú dátà náà. R kàn fa ìlà rẹ̀ kọjá ibi tí ọkọ̀ wà dé ibi tí ọkọ̀ kò sí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo fi hàn án, ó wá béèrè pé, “Kí ni wọ́n wá ń fi ìràwọ̀ ṣe, Àǹtí?” Mo ní ó ń sọ pé nọ́ńbà náà jìnnà sí òdo ju bí èèṣì ṣe sábà máa ń gbé e lọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí regression ti ọwọ́ rẹ̀ gbajúmọ̀ máa ń fún mi ní ìrònú. Francis Galton ni. Ní 1886 ó kó gíga àwọn ọmọ 928 jọ pẹ̀lú ti àwọn òbí wọn, ìdílé 205, ó fi 1.08 sọ gíga àwọn obìnrin di púpọ̀ kó lè bá ti ọkùnrin mu, ó sì rí i pé ọmọ àwọn tó ga gan-an máa ń ga, ṣùgbọ́n kì í ta yọ tó àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ tó pegedé ni. Ọkùnrin yìí kan náà ti rìn ní gúúsù Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850, ó ti rí èèyàn dúdú lójúkojú, síbẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1869, ìsàlẹ̀ ti àwọn èèyàn tirẹ̀ ló to làákàyè wa sí. Ó mọ nọ́ńbà ká dáadáa. R ní tirẹ̀, Ross Ihaka, ọmọ Māori, àti Robert Gentleman ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Auckland ní New Zealand, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó pé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ló sì wà títí dòní, ọmọ tí kò lówó ní Ìsẹ́yìn lè gbà á sórí láptọ́ọ̀pù àlòkù. Inú mi máa ń dùn sí apá ìkejì ìtàn yìí.

Síbẹ̀ mo ń ṣiyèméjì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ẹ̀rù náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n lè dá dúró fún ọdún kan sí i, tí ìyá rẹ̀ ti tajà tajà kó tó dé ibẹ̀, mo wá ń bi í pé “ta ni?” Àwọn kan wà lẹ́nu géètì yunifásítì tí iṣẹ́ wọn ni láti bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ Chapter Four, orí tí èsì wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì. Sanwó, padà wá lọ́jọ́ kejì, ìràwọ̀ á kún ojú ìwé rẹ. Nígbà míì, dátà náà kò dé oko rí, orí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ló ti wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe olè. Ọ̀dọ́ tó mọ SPSS, ètò ìṣirò míì bíi R, tí kò ríṣẹ́ ni wọ́n. Bí a bá bi ọmọ náà pé ta ló ràn án lọ́wọ́ láàárín èmi àti àwọn, èsì wo ni yóò fọ̀? Ó rọrùn fún èmi tó ti gba ìwé ẹ̀rí mi tipẹ́ láti máa sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibi tí mo dúró sí kò tíì yí. Ẹni tó bá bá ọ wá ìràwọ̀ tí kò sí, ọ̀gá rẹ ló ràn lọ́wọ́ láti má ka iṣẹ́ rẹ. Ọmọ náà ní nọ́ńbà fóònù púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yẹn. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè iye ọdún tí wọ́n ti ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ náà láìjẹ́ kó sinmi, ó fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún dátà. Nọ́ńbà ajílẹ̀ gòkè. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìrántí ọdún sì máa ń mẹ́hẹ, ìràwọ̀ kò sì yọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ohun tó rí, ohun tí kò lè dá lójú, àti ìdí tí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí fi gbọ́dọ̀ wọn ọ̀rá ilẹ̀ kó tó ka àpò ajílẹ̀. Ojú ìwé tó wúlò jù nínú pírójẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá yẹn ló sì ti bí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tó mọ R, ẹ má mú ìlà èsì nìkan wá. Ẹ mú fáìlì wá pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ dé, ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n sọ tí kò wọ inú ìwé ìbéèrè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn yín pọ̀ ju agbára lọ. Ṣùgbọ́n ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ statistics ní Amẹ́ríkà kéde pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi bí nọ́ńbà tí ìràwọ̀ dúró lé lórí ṣe kọjá ààlà kan nìkan ṣe ìpinnu. Bí ọmọ kan bá gbé èsì wá síwájú yín tí agbára ajílẹ̀ kò hàn nínú rẹ̀, tó sì lè ṣàlàyé ìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.